Àwọ̀ Kọ́ Ni Iná

Àtìní, 9 oṣù Kẹfà

Kí n tó kọ ohun tó gbé ìwé yìí dé ọwọ́ mi, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí èmi Sùlè Oyèlékè jẹ́, kí ìwé náà má baà rò pé ẹni kan lásán ló ń kọ ọ́. Bàbá mi kú ní Ṣakí nígbà tí mi ò tí ì mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Kíláàsì mẹ́ta ni mo kà tí owó ìwé fi tán. Mo ru búlọ́ọ̀kù ní Muṣin. Mo sùn lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì nígbà tí Òṣòdì ṣì jẹ́ Òṣòdì, ẹ̀fọn ibẹ̀ mọ orúkọ mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ iná fi wáyà nà mí ju bó ṣe fún mi lóúnjẹ lọ. Iná gbé mi lórí àjà kan ní Ìsọlọ̀, ó jù mí sílẹ̀, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì mi kò mọ ohun gbígbóná mọ́ títí di òní. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́ nítorí títì. Èkejì jóná, kì í sì í ṣe wáyà mi ló fà á, obìnrin tó ń dín nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni. Ẹ̀kẹta ni èyí tó wà ní Okota yìí, tí orúkọ mi gùn ju pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo ti bí ọmọ kí n tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà. Lónìí, àwọn tó kàwé jù mí lọ ń gba owó oṣù lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n Ọlọ́run náà mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́.

Orúnkún ló wá fẹ́ dójú tì mí. Láti ìgbà tí àkàbà ti yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ nínú ààwẹ̀ tó kọjá, dókítà ní mi ò gbọdọ̀ gun òkè mọ́. Oníṣẹ́ iná tí kò lè gun àkàbà, kí ló kù tó fẹ́ ṣe? Khàlíl, àkọ́bí mi, pè láti Kánádà lánàá pé òun ti bá mi rí ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù náà, kí n tà á kí n sinmi. Ìyá rẹ̀, Ìsíátù, ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nafeesah, àbígbẹ̀yìn wa, nìkan ló ní, "Bàbá, ẹ fún mi."

Mo wò ó. Ọmọ tí kò gbá píláyà mú rí. Kọ̀ǹpútà ló kà ní yunifásítì. Mo wá dá a lóhùn lójú ìyá rẹ̀ pé iṣẹ́ pìlásà Madam Morọ́lá ní Àgọ́ Palace ni yóò sọ. Èmi ni mo fa gbogbo iná inú pìlásà yẹn. Ní báyìí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ fẹ́ ojú ewé kan lórí fóònù, tí kálukú yóò ti máa rí iná jẹnẹrétọ̀ tó lò, tí yóò sì san ti ara rẹ̀ kí iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó tàn, kí ìjà orí epo dísẹ̀lì lè tán. Tí Nafeesah bá ṣe é tó sì ṣiṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù di tirẹ̀. Tí kò bá ṣiṣẹ́, mà á tà á. Èmi kì í yí ọ̀rọ̀ padà.

Àlàárùbá, 11 oṣù Kẹfà

Mo jókòó ti Nafeesah lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ó fi ibi tó ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà hàn mí, ẹ́dítọ̀ ló ń pè é. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ní àwọ̀ lóríṣiríṣi. Mo bi í pé ta ló ń kùn ún. Ó ní ẹ́dítọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni, kí ojú lè tètè mọ ohun tó ń wò. Àṣẹ, búlúù. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà máa kà, àwọ̀ ọsàn. Ohun tí Nafeesah bá kọ fún ara rẹ̀ láti fi rántí nǹkan, tí kọ̀ǹpútà kò ní kà rárá, àwọ̀ ewé.

Ara mi yá gágá. Mo ní, "Wáyà nìyẹn." Pupa, yẹ́lò, búlúù, dúdú. Kí ló tún kù níbẹ̀ tí Sùlè ò mọ̀?

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ó jọ ọ́ díẹ̀, Bàbá."

Díẹ̀ kọ́. Òun gan-an ni.

Ó ní èdè mẹ́ta ló wà nínú fáìlì kan ṣoṣo yẹn. Ọ̀kan ń ya ojú ewé, ọ̀kan ń gbọ́ràn sí ìka ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì, ọ̀kan ń lọ béèrè níbi ìpamọ́ pé mélòó ni ṣọ́ọ̀bù yìí lò. Mo ní kí ló dé tí kò fi kálukú wọn sí yàrá tirẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ irú rẹ̀ nìyẹn, àti pé a ti ń sáré. Mo gbà fún un.

Sátidé, 14 oṣù Kẹfà

Òjò láti ìdájí. Ìsíátù ti ọjà Ìsọlọ̀ dé, ó ní agbọ̀n tòmátò ti di ohun tí èèyàn ń wò láti òkèèrè, pé tàtàṣé la máa fi ṣe ọbẹ̀ títí Ọlọ́run fi máa ṣàánú.

A lọ sí Mafoluku, sí ilé alájà méjì kan tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ọláyanjú ló gun àkàbà, òun ló ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ mi, òun ló ń bá mi gun ohun tí orúnkún mi ò jẹ́ kí n gùn. Mo dúró nísàlẹ̀, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣí àpótí wáyà lórí ògiri, ó nawọ́ sí dúdú. Lọ́dọ̀ tiwa, dúdú kò ní iná nínú, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ iná mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti fọwọ́ kan ilé yẹn, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ wáyà tó rí rà lọ́jọ́ tirẹ̀.

Mo ní, "Ọláyanjú. Níbo ni tẹ́sítà rẹ wà?"

"Ọ̀gá, dúdú mà ni."

"Mo rí i. Ojú mi kọ́ ló ń dùn mí. Tẹ́sítà dà?"

Ó yọ ọ́ lápò, ó fi ẹnu rẹ̀ kan wáyà. Gílóòbù kékeré inú tẹ́sítà tàn wàì. Ọláyanjú rọra sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àpò símẹ́ǹtì. Mo bi í pé ṣé wáyà náà ló fún un ní ìwé pé òun ò ní pa á. Mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù fún un, mi ò sì tún bá a wí mọ́.

Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi nìyẹn, kò sì sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi tí kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo bá ń ṣe fíríídọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń fún un. Yóò kúnlẹ̀, mà á gbé tẹ́sítà lé e lọ́wọ́, mà á ṣàdúrà, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò ṣe àmín. Ẹni tí ò bá tí ì gba tẹ́sítà lọ́wọ́ mi, oníṣẹ́ iná kọ́.

Àtàláátà, 17 oṣù Kẹfà

Iná ò sí. Orúnkún ń ro mí. Nafeesah ń kọ nǹkan rẹ̀ lọ.

Jímọ̀, 20 oṣù Kẹfà

Ohun tí mo rí lónìí kò dùn mọ́ mi. Mo ti mọ́ṣáláṣí dé, mo yọjú wo iṣẹ́ Nafeesah. Láti àárín ojú kọ̀ǹpútà dé ìsàlẹ̀, àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, bí ìgbà tí ojúoró bá bo ojú omi. Ó tún yí i lọ sísàlẹ̀, àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé sì ni ohun tí kọ̀ǹpútà kò ní kà.

Mo ní, "Nafeesah, ìdajì iṣẹ́ rẹ ti kú."

"Kò kú, Bàbá. Ẹ́dítọ̀ ló ṣìnà."

"Báwo ló ṣe máa ṣìnà? Ṣebí òun ló ń kùn ún."

"Òun ló ń kùn ún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí èdè kan bá ti fẹ́ fa ọ̀rọ̀ lé èkejì lọ́wọ́, kì í mọ ẹnu ọ̀nà nígbà míràn. Ẹ wo ibí yìí." Ó fi ìka kan ìlà kékeré kan tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìràwọ̀ kékeré kan tẹ̀ lé e. "Nínú ọ̀kan nínú àwọn èdè yìí, àmì yìí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọn kì í kà. Níbí yìí, iṣẹ́ míràn ló ń ṣe. Ẹ́dítọ̀ rí i, ó rò pé ti ibẹ̀ yẹn ni, ó wá ń kùn lọ, kò rí ibi tó máa dúró."

"Tún un ṣe, nígbà náà."

"Kò sí ohun tí mo fẹ́ tún ṣe, Bàbá. Mo ti dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́. Sáfà, kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn tó máa ṣe iṣẹ́ náà, kì í wo àwọ̀. Àwọ̀ ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Mo dìde. Ọmọ tí mo bí ń sọ fún Sùlè Oyèlékè pé àwọ̀ ò já mọ́ nǹkan.

Àtìní, 23 oṣù Kẹfà

Madam Morọ́lá wá sí ṣọ́ọ̀bù láìsọ tẹ́lẹ̀. Tíṣà ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ará Èkìtì ni, ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Nafeesah ṣí kọ̀ǹpútà fún un. Àwọ̀ ewé ṣì wà níbẹ̀, ìlà pupa wínníwínní tún ti wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, bíi ti tíṣà tó ń máàkì ìwé ọmọ tó fẹ́ fìdí rẹmi.

Ó ní, "Àlàájì, kí ni mo ń wò yìí? Ní ilé ìwé tiwa, ìlà pupa kì í ṣe ìròyìn ayọ̀."

Nafeesah lanu láti dáhùn. Mo ti dáhùn ṣáájú rẹ̀. Mo ní, "Ọmọdé ni, Madam, kò tí ì mọ̀ ọ́n délẹ̀. Mà á bá a tún un ṣe."

Lẹ́yìn tí Madam lọ, Nafeesah palẹ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́, ó kí mi pé ó dàárọ̀, oòrùn ò sì tí ì wọ̀.

Nílé, Ìsíátù gbé oúnjẹ síwájú mi, kò jókòó. "Bàbá Khàlíl, mo gbọ́ pé ẹ ti di onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìgbà wo lẹ gba fíríídọ̀mù?"

Mo jẹ ẹ̀bà mi. Ọkùnrin tó bá ń dá gbogbo ọ̀rọ̀ obìnrin lóhùn kò ní rí àyè jẹun.

Àlàmíìsì, 26 oṣù Kẹfà

Òní ni kí wọ́n kọ sílẹ̀ fún mi. Nafeesah àti Ọláyanjú lọ yẹ àwọn mítà wò ní Àgọ́ Palace, kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Mo wọ awò mi. Mo wá àmì tó fi hàn mí lọ́jọ́sí, ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ìràwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Òkè rẹ̀ lẹ́wà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ò ṣòroó rí fún ẹni tó ti ń wá ibi tí iná ti já láti kékeré. Mo gbé ìka lé ibi tí mo ti rí i tí Nafeesah fi ń pa nǹkan rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìràwọ̀ lọ.

Gbogbo àwọ̀ padà wálé. Búlúù jókòó sáyè búlúù, àwọ̀ ọsàn sáyè tirẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo ní alhamdulillah. Kíláàsì mẹ́ta. Kí ẹni tó lọ sí yunifásítì wá wò ó.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ wo ojú rẹ̀. Nígbà tó dé, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Áà, ẹ́dítọ̀ ti wá sí orí ara rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín sínú agbádá mi. Ó fi àwọn nọ́ńbà mítà tó lọ mú wá kún iṣẹ́ rẹ̀, ó ń sáré nítorí iná ti lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà sì ń kú lọ. Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí sáfà kó tó paná.

Tí ó bá ṣojú wọn tán ní pìlásà, mà á wá sọ ẹni tó tún un ṣe fún wọn.

Àtìní, 30 oṣù Kẹfà

Ojú tì mí lónìí bí ojú ò ṣe tì mí rí.

Gbogbo oníṣọ́ọ̀bù pìlásà péjọ sí ṣọ́ọ̀bù Madam Morọ́lá nísàlẹ̀, níbi tí tẹlifíṣọ̀n ńlá wà. Nafeesah so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Mo wọ agbádá funfun, mo jókòó síwájú. Ó tẹ bọ́tìnì. Ojú ewé náà ṣí, orúkọ pìlásà hàn lókè rẹ̀, ó dára. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tó yẹ kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan tò sí, funfun. Ó tún un tẹ̀. Funfun.

Oyinkán tó ń ránṣọ lókè ní kí wọ́n ní sùúrù, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. A ní sùúrù. Abdulhafeez tó ń ta fóònù ní, "Àbí gbogbo wa ti kó jáde, tí lánlọ́ọ̀dù ò sì sọ fún wa?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ inú egungun mi.

Nafeesah tẹ orí ba kọ̀ǹpútà. Mo rí i tó ń fi iṣẹ́ ti tẹ́lẹ̀ wé ti òní, ìka rẹ̀ dúró. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì yí ojú kúrò. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún àwọn àgbà.

"Ẹ má bínú. Àṣìṣe mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i."

Madam Morọ́lá ní ilé iṣẹ́ míràn ti mú tiwọn wá, pé ìgbìmọ̀ máa jókòó ní Jímọ̀ láti mú ọ̀kan.

Èmi tí mi ò fún ẹnikẹ́ni láyè ọ̀rọ̀ rí ní Ìsọlọ̀, mo dákẹ́.

Àtàláátà, 1 oṣù Keje

Mo dúró kí Nafeesah wá bá mi jà. Kò wá. Mo lọ bá a ní pálọ̀.

Mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí nǹkan yẹn?"

"Ìràwọ̀ kan ló yọ kúrò níbẹ̀, Bàbá. Mo ti dá a padà."

"Kí ni ìràwọ̀ náà ń ṣe?"

"Òun ló dúró fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń sọ fún sáfà pé kó kó gbogbo wọn wá. Tí kò bá sí níbẹ̀, sáfà á lọ, á padà wá lọ́wọ́ òfìfo."

Ó ń ká wáyà ṣájà rẹ̀ mọ́ ìka.

"Èmi náà jẹ̀bi. Mo rí i pé àwọ̀ ti padà bọ̀ sípò, ọkàn mi balẹ̀, mi ò dán an wò mọ́ kí n tó fi ránṣẹ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ ẹni tó yọ ọ́ fún wọn?"

"Kí n sọ kí ni, Bàbá? Orúkọ yín ló wà lára pátákó."

Khàlíl pè, ó ní ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù ń béèrè. Mo ní kó dúró. Ìsíátù wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣáà ní ẹ kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Iṣẹ́ ò ṣiṣẹ́. Ṣé a ti tà á nìyẹn?" Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kó pariwo.

Àlàárùbá, 2 oṣù Keje

Òjò. Mi ò jáde. Mo yọ tẹ́sítà mi jáde nínú àpótí rẹ̀, èyí tí ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́ ní Muṣin, tí eyín mi ti họ ìdí rẹ̀ níbi tí mo máa ń gbà á mú sẹ́nu bí ọwọ́ méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́. Mo jókòó tì í.

Ilé Mafoluku ni mo ń rò. Oníṣẹ́ iná mẹ́ta, ilé kan. Èdè mẹ́ta, fáìlì kan. Mo dúró lábẹ́ àkàbà, mo ń fi Ọláyanjú ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó gba wáyà gbọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Mo padà sílé, mo wọ awò, mo wo àwọ̀, mo sì gé wáyà. Mi ò fi nǹkan kan dán an wò. Ẹni tó fi tẹ́sítà kàn án tó sì sọ fún mi pé ó ń ṣiṣẹ́, mo ní ọmọdé ni.

Wáyà tí Ọláyanjú ì bá gé, òun nìkan ni ì bá pa. Tèmi, iná ọmọ mi ni mo fẹ́ fi pa.

Jímọ̀, 4 oṣù Keje

Mo lọ bá Madam Morọ́lá láàárọ̀ kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pátápátá. Mo gun àtẹ̀gùn náà, mo ń dúró níbi tí orúnkún bá ti ní kí n dúró. Ó fún mi lómi kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Madam, ọwọ́ mi ló ba iṣẹ́ yẹn jẹ́. Ọmọ náà ṣe é dáadáa. Mo rí àwọ̀ tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo lọ yọ ohun tí mi ò mọ̀."

Ó bọ́ awò rẹ̀. "Ẹ̀yin, Àlàájì? Ẹ̀yin tí ẹ lé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kúrò nídìí páńẹ́lì iná, pé ẹni tí ò kọ́ ọ kì í fọwọ́ kàn án?"

"Èmi náà ni."

"Ó sì kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wa, ó ní òun ni." Ó tún awò rẹ̀ wọ̀. "Ogójì ọmọ ló ń wà nínú kíláàsì mi lọ́dún kan. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wọn ò pọ̀."

Ó ní òun á bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n dúró di Àlàmíìsì tó ń bọ̀, pé kí n mú ọmọ náà wá. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lẹ máa jókòó sí, Àlàájì. Kí ẹ sì kó ọwọ́ yín sápò."

Àtìní, 7 oṣù Keje

Mo sọ fún Nafeesah ohun tí mo lọ sọ lọ́dọ̀ Madam. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ìyá rẹ̀ fi ẹran kún oúnjẹ mi lálẹ́.

Àlàmíìsì, 10 oṣù Keje

Kí a tó jáde nílé, Nafeesah bi mí bóyá kí òun ya àwọn èdè yẹn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí àwọ̀ lè dára lójú àwọn èèyàn. Mo ní ṣé ó ti dán an wò bó ṣe wà yìí. Ó ní òun dán an wò lánàá, òun tún dán an wò láàárọ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí ara bá rọ̀ ọ́, kó yà á.

Mo jókòó sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì Madam. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ hàn lójú tẹlifíṣọ̀n kó tó ṣí ojú ewé náà. Àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀, ìlà pupa wínníwínní níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Abdulhafeez ní, "Ó tún ti hù o."

Mo sọ̀rọ̀ láti ibi tí mo wà. Mo ní, "Ẹ má wo àwọ̀. Ẹ jẹ́ kó fi tẹ́sítà kàn án."

Ó ṣí ojú ewé. Orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù ń tò wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti Oyinkán, ti oníwàrà, ti Abdulhafeez, títí kan ti ọ̀dọ̀ mẹ́gàádì lẹ́nu géètì. Nafeesah ní kí Abdulhafeez san ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí fóònù ara rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà wà lódìkejì gbàgede, dúdú kirikiri, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Abdulhafeez tẹ fóònù, ó ń wo Nafeesah bí ẹni tó ń wá ẹjọ́.

Gbogbo wọn kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Èmi ò wò ó. Òdìkejì gbàgede ni mo kọjú sí, síbi gílóòbù tí ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ gbé kọ́ lọ́dún tí wọ́n kọ́ ilé yẹn. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó tàn.

Abdulhafeez ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Kò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe. Ó rìn lọ sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó dúró sábẹ́ iná náà, ó ń wo òkè.

Ọwọ́ mi wà nínú àpò ní gbogbo ìgbà yẹn. Madam Morọ́lá bojú wẹ̀yìn, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Àlàádì, 13 oṣù Keje

Ìgbìmọ̀ ti gba iṣẹ́ Nafeesah. Mo pe Khàlíl, mo ní kó kí ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù fún mi, pé ṣọ́ọ̀bù ti ní ẹni tó ni ín. Ó ní, "Bàbá, kò mà kọ́ṣẹ́ iná." Mo ní tẹ́sítà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, èmi ni mi ò rí i.

Òjò ti dá díẹ̀. Tòmátò ò tí ì wálẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní Àlàmíìsì lẹ́yìn Àlàásárì, mà á ṣe fíríídọ̀mù fún Nafeesah níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mà á pe gbogbo ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mà á pe Madam Morọ́lá àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Abdulhafeez ni mà á sì fi sí iwájú pátápátá. Nafeesah yóò kúnlẹ̀. Mi ò ní ra tẹ́sítà tuntun. Ti Muṣin yìí, tó ní ojú eyín mi lára, ni mà á gbé lé e lọ́wọ́. Mà á sọ ohun tí mo ṣe fún gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ ọ́ lẹ́yìn mi, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ dùn bí èmi. Ọláyanjú ló máa kọ́kọ́ ṣe àmín.

Ní Jímọ̀, bí a bá ti kírun tán, mà á gbé àga mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ níbi kọ̀ǹpútà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi láti orí ìràwọ̀ yẹn. Ọwọ́ mi yóò wà nínú àpò títí yóò fi ní kí n mú un jáde.